Ohun Tí Ẹ́ńjìnnì Géèmù Lè Ṣe àti Ohun Tí Wọ́n Ní Ó Ń Ṣe

Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ EA gbé SimCity tuntun jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú géèmù yìí, ẹni tó ń gbá a ni alákòóso ìlú. Òun ni yóò la títì, òun ni yóò fa iná àti omi, tí yóò kọ́ ilé ìwé, tí àwọn ará ìlú yóò sì máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n á máa bọ̀. Àwọn tó ti sanwó rẹ̀ sáré jókòó ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò rí ìlú kankan kọ́. Géèmù náà kì í ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn sáfà EA kò sì gba èrò. Àwọn èèyàn ń tò sórí ìlà nínú yàrá ara wọn. Kí ẹrù orí sáfà lè fúyẹ́, ilé-iṣẹ́ náà yọ ìyára tó ga jù lọ kúrò nínú géèmù ọ̀hún. Amazon pàápàá dá títà rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀.

Kí ló dé tí géèmù tí èèyàn lè dá gbá fi nílò sáfà tó wà níbòmíì? Lucy Bradshaw, ọ̀gá àgbà Maxis, ẹ̀ka EA tó ṣe é, dáhùn pé ẹ́ńjìnnì géèmù náà, tí wọ́n pè ní GlassBox, máa ń gbé apá tó pọ̀ nínú ìṣirò rẹ̀ fún sáfà láti bá a ṣe, àti pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni yóò gbà kí wọ́n tó lè sọ ọ́ di ohun tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Àlàyé náà dùn létí. Àmọ́ kò pẹ́ kò jìnnà, ẹnì kan tó mọ kóòdù tú inú fáìlì géèmù náà, ó pa aago tó máa ń lé èèyàn jáde bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti já, ìlú sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ń rìn, iná ń tàn, owó orí ń wọlé. Sáfà tí wọ́n ní ó ń ṣe ìṣirò kò sí nítòsí rárá. Bradshaw padà sọ pé àwọn ì bá ti ṣe èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, pé kò bá èrò àwọn nípa géèmù náà mu ni. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2014, Maxis fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àtúnṣe jáde tó jẹ́ kí èèyàn máa gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun mìíràn tí wọ́n fi ń yangàn nípa GlassBox ni pé kì í ṣe àwòrán lásán ni àwọn ará ìlú, pé ẹ́ńjìnnì náà ń gbé ìgbésí ayé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbá a wá tẹ̀ lé ará ìlú kan láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n rí i pé kò ní ilé tirẹ̀, kò sì ní iṣẹ́ kan pàtó. Ibi iṣẹ́ tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń yà wọ̀ láàárọ̀; ilé tó bá kọ́kọ́ kàn lálẹ́ ló ń sùn sí. Iye ará ìlú tó ń hàn lójú géèmù tún pọ̀ ju iye tí ẹ́ńjìnnì ń gbé rìn lọ. Nínú kóòdù ni wọ́n ti rí ìlà kan tó ń jẹ́ GetFudgedPopulation, ìyẹn “mú iye ará ìlú tí a bù mọ́ wá”, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ bíbu iye mọ́ iye. Ó kéré tán, ẹni tó kọ ọ́ kò tan ara rẹ̀ jẹ.

Irọ́ gbuu bí ti SimCity kò wọ́pọ̀ lágbo géèmù. Òótọ́ tí wọn kò sọ tán ló pọ̀ níbẹ̀. Bí oníṣẹ́ géèmù kan bá dìde pé ẹ́ńjìnnì òun lè ṣe báyìí báyìí, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ṣe é lóòótọ́, níbì kan, lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ wo ló gbé e? Ta ló ń gbá a? Ìwọ̀n wo nínú géèmù náà ló ti wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ya fídíò? Àwọn ìbéèrè tí wọn kì í dáhùn nìyẹn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìjà àárín oníṣẹ́ géèmù àti oníbàárà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àkójọ kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo géèmù jọ nílò ni à ń pè ní ẹ́ńjìnnì géèmù. Òun ló ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ, tó ń ṣírò ibi tí òjìji máa bọ́ sí, tó ń pinnu bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ta padà lára ògiri, tó ń gbé ohùn jáde, tó sì ń kó nǹkan láti inú díìsìkì wá sínú mẹ́mórì. Ìtàn, àwọn ènìyàn inú eré àti òfin rẹ̀ kò sí lára ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń ṣe géèmù ló ń mú ìyẹn wá. Ẹgbẹ́ id Software ní ìpínlẹ̀ Texas wà lára àwọn tó jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba, ìtàn wọn sì dára láti rántí, torí pé ìlérí tó ṣẹ ni.

Lóṣù kìíní ọdún 1993, nígbà tí Doom, géèmù wọn, kò tíì ní ara, id ti kọ̀wé sáwọn oníròyìn. Wọ́n ṣèlérí ògiri tí àwòrán bò látòkè délẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣókùnkùn bí nǹkan ṣe ń jìnnà, àti géèmù tí yóò dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ọ́fíìsì káàkiri ayé. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni Doom jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ àti yunifásítì kan ní láti fòfin dè é lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, torí ó ń dí wọn lọ́nà. John Carmack, tó kọ ẹ́ńjìnnì náà, mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò lè gbé, ó sì yẹra fún un. Kò sí yàrá tó wà lórí yàrá mìíràn nínú Doom, ẹni tó ń gbá a kò sì lè gbójú sókè. Ohun tí wọ́n gé kúrò ló jẹ́ kí èyí tó kù máa sáré. Lọ́dún 1994, Raven Software ti fi ẹ́ńjìnnì Doom ṣe géèmù tirẹ̀, Heretic. Báyìí ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ di ọjà, ọjà kò sì ṣeé tà láìpolówó.

Nínú ìpolówó ẹ́ńjìnnì, bóyá la fi rí èyí tó pariwo tó ti Euclideon, ilé-iṣẹ́ kan ní Ọsirélíà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2011, Bruce Dell tó dá a sílẹ̀ gbé fídíò erékùṣù kan jáde, ó ní kò sí òpin mọ́ sí bí nǹkan inú géèmù ṣe lè rí kínníkínní tó, àní dórí èérún iyanrìn. Markus Persson tó ṣe Minecraft pè é ní jìbìtì: bí èèyàn bá wo erékùṣù náà dáadáa, yóò rí i pé àwọn nǹkan mélòó kan náà ni wọ́n ń tò léraléra, nítorí pé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dá yàtọ̀, kò sí díìsìkì tó lè gbà á. Carmack ní tirẹ̀ fọkàn balẹ̀ sí i. Ó ní kò lè ṣeé ṣe lórí ẹ̀rọ ìgbà náà, pé bóyá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Carmack ló sún mọ́ òótọ́ jù. Kì í ṣe jìbìtì, torí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Euclideon wá padà ń tà á fún àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ àti ìlú. Géèmù ńlá tí gbogbo ayé ń retí kò wá.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀. Lọ́jọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2020, Epic Games, ilé-iṣẹ́ Tim Sweeney ní North Carolina, fi Unreal Engine 5 han ayé lórí PlayStation 5 tí kò tíì dé ọjà. Obìnrin kan ń rìn nínú ihò àpáta, ó sì wọ yàrá kan tí ère inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Gbogbo ohun tó ní ìrísí nínú géèmù, onígun mẹ́ta kéékèèké ni wọ́n fi tò ó. Ère kọ̀ọ̀kan nínú yàrá yìí ní tó mílíọ̀nù 33. Àpapọ̀ wọn lé ní bílíọ̀nù 16. Ẹnu ya àwọn èèyàn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ẹ̀rọ kékeré yẹn ń ya bílíọ̀nù 16 onígun mẹ́ta.

Kò ya á. Epic fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú fídíò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó gbọ́ kò pọ̀: nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, onígun mẹ́ta tó lé ní bílíọ̀nù kan ló wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n ń yà gan-an kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 20. Iṣẹ́ ọpọlọ tó wà nínú Nanite, bí wọ́n ṣe pe ọgbọ́n náà, nìyẹn. Ó ń pín ère sí ìdì ìdì, onígun mẹ́ta 128 nínú ìdì kan, ó ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ àti èyí tó ki, ó sì ń mú kìkì èyí tí ojú lè rí láti ibi tí ẹni tó ń gbá géèmù dúró sí. Onígun mẹ́ta tó bá ti kéré ju ẹyọ àmì kan lójú ẹ̀rọ lọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ọgbọ́n gidi ni, ó sì yẹ ká yìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ tún fídíò yẹn wò. Òkúta ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́: ihò àpáta, ère, ògiri, òkè. Òkúta kì í mi, kì í sì í ní ihò wẹẹrẹ bí ewé. Nígbà tí Unreal Engine 5 dé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ géèmù lóṣù kẹrin ọdún 2022, Nanite kò tíì mọ bí a ṣe ń ya ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni ẹ̀dà 5.1 tó bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ìyẹn. Àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni àfihàn náà sì ń sáré, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù ń retí 60. Kò sí irọ́ nínú gbogbo èyí. Wọ́n kàn yan ibi tí ẹ́ńjìnnì wọn ti lágbára, wọ́n sì ní ká wá wò ó níbẹ̀. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìṣòro wá nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kúrò nínú ihò àpáta bọ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan Unreal jù ni pé géèmù á máa sáré geere, á wá dákú fún ìdá kan ìṣẹ́jú-àáyá, á tún sọjí. Unreal Engine 4 ti ní àìsàn yìí tẹ́lẹ̀. The Callisto Protocol tó jáde lóṣù kejìlá ọdún 2022 fojú àwọn tó rà á sórí kọ̀ǹpútà rí màbo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó ń fà á ni àwọn kóòdù kéékèèké tó ń sọ fún káàdì àwòrán bí irin ṣe máa dán àti bí omi ṣe máa tàn. PlayStation kan kò yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà wọ́n lè ti pèsè kóòdù yìí sílẹ̀ kí géèmù tó jáde. Káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà kò lóǹkà, inú kọ̀ǹpútà oníbàárà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ní láti pèsè rẹ̀. Géèmù tí kò bá pèsè rẹ̀ ṣáájú dà bí olóúnjẹ tó jẹ́ pé ìgbà tí oníbàárà jókòó tán ló tó gbé ata lọ sí ibi ẹ̀rọ. Oúnjẹ náà lè dùn, àmọ́ ìdúró yẹn kò ṣeé fi pamọ́.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, ní ìlú Seoul, Sweeney fèsì sí ẹ̀sùn náà. Ó ní ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ géèmù ń gbà ṣiṣẹ́ ló fa ìṣòro jù: wọ́n ń fi ẹ̀rọ olówó gọbọi ṣe géèmù, ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ parí kí wọ́n tó rántí ẹ̀rọ mẹ̀kúnnù. Ẹ̀rí wà tó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Fortnite ti Epic fúnra rẹ̀ ti ń lo Nanite láti oṣù kejìlá ọdún 2022, ó sì ń fi àwòrán 60 sáré lórí PlayStation 5. Split Fiction tó jáde lọ́dún 2025 lo Unreal Engine 5, àmọ́ kò fi Nanite dá ara rẹ̀ láàmú, ó sì ń lọ geerege. Síbẹ̀, àbọ̀ òótọ́ ni Sweeney sọ. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ní ẹ̀bi kankan, kí ló wá gbé Epic àti CD Projekt Red, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Cyberpunk 2077, dórí àjọṣe láti tún ọ̀nà tí Unreal ń gbà kó ilé àti òkè wá sínú mẹ́mórì ṣe, iṣẹ́ tó wọ ẹ̀dà 5.6 lóṣù kẹfà ọdún yẹn? Irinṣẹ́ tó mú kó rọrùn láti kó ẹrù jọ, tó sì mú kó nira láti sọ ọ́ kalẹ̀, kò lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ nù.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi géèmù han èèyàn kó tó jáde. Ìròyìn ò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n nínú òwò yìí àfojúbà pàápàá lè tan èèyàn jẹ. Ubisoft fi Watch Dogs hàn ní ibi ìpàtẹ E3 lọ́dún 2012: òjò, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ tó ń tàn lórí títì tútù. Nígbà tí géèmù náà dé lóṣù karùn-ún ọdún 2014, ẹwà yẹn ti dín kù. Láàárín oṣù kan, àwọn kan tú fáìlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì bá púpọ̀ nínú ẹwà ti 2012 níbẹ̀, tí wọ́n kàn pa á. Ubisoft ní àwọn pa á kí géèmù má bàa máa kọsẹ̀ ni. Àlàyé tó ṣeé gbà ni. Ohun tí kò ṣeé gbà ni pé àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún Ubisoft pé nǹkan ti yí padà.

Aliens: Colonial Marines tún burú jù bẹ́ẹ̀. Àfihàn rẹ̀ ṣáájú dára débi pé àwọn tó rà á lóṣù kejì ọdún 2013 rò pé géèmù mìíràn ni wọ́n kó fún àwọn. Wọ́n gbé Sega tó gbé e jáde àti Gearbox tó ṣe é lọ sílé ẹjọ́ ní California. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sega gbà láti máa kọ ọ́ sára fídíò pé ohun tó wà níbẹ̀ lè yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú géèmù. Lọ́dún 2018 ni ìròyìn kan wá tàn ká. Àwọn ẹ̀dá inú géèmù náà, tó yẹ kí wọ́n máa yí èèyàn ká kí wọ́n sì máa dọdẹ rẹ̀, ń sáré kiri láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, torí pé nínú fáìlì ètò kan, ẹnì kan kọ “teather” dípò “tether”. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Àwọn tó yọ ọ́ rí i pé àwọn ẹ̀dá náà gbọ́n sí i lójú ẹsẹ̀. Ọdún márùn-ún ni àwọn èèyàn fi ń bú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń bú ilé-iṣẹ́, àṣìkọ sì jókòó síbẹ̀.

Ní ti No Man's Sky, ìlérí tó dà bí irọ́ jù lọ ni òótọ́. Sean Murray àti ẹgbẹ́ kékeré rẹ̀ ní Guildford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní pílánẹ́ẹ̀tì 18,446,744,073,709,551,616 wà nínú géèmù àwọn. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́: iye nọ́ńbà tí èèyàn lè kọ pẹ̀lú odo àti ení ní àyè 64 nìyẹn, ẹ́ńjìnnì sì ń fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣírò pílánẹ́ẹ̀tì kan nígbà tí èèyàn bá débẹ̀. Ohun kékeré ló já wọn kulẹ̀. Murray ti sọ pé ẹni méjì lè pàdé, pé ó kàn ṣòro kó ṣẹlẹ̀ ni. Lóṣù kẹjọ ọdún 2016, kí géèmù náà tó pé ọjọ́ méjì lọ́jà, ẹni méjì dúró sójú kan náà lórí pílánẹ́ẹ̀tì kan náà, wọn kò sì rí ara wọn. Oṣù keje ọdún 2018 ni èèyàn tó ń rí ọmọlàkejì rẹ̀ dáadáa níbẹ̀.

Cyberpunk 2077 ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ bí ìbéèrè “ẹ̀rọ wo?” ṣe ṣe pàtàkì tó. Lóṣù kọkànlá ọdún 2020, ọ̀gá CD Projekt sọ fáwọn olùdókòwò pé géèmù náà ń ṣe dáadáa ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, PlayStation 4 àti Xbox One. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún àwọn oníròyìn láti yẹ̀ wò. Ó jáde lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejìlá, mílíọ̀nù mẹ́jọ èèyàn sì ti sanwó ṣáájú. Lórí PlayStation 4, ènìyàn inú rẹ̀ ń yọ láì ní ojú, ọkọ̀ ń bọ́ láti òfuurufú, géèmù ń kú lójijì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, Sony ti yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ, ó sì di oṣù kẹfà ọdún 2021 kó tó padà. Marcin Iwiński, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, jáde lóṣù kìíní ọdún 2021, ó ṣàlàyé pé orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ti kọ́kọ́ ṣe é lẹ́wà, kí àwọn tó máa fún un wọ ẹ̀rọ àtijọ́, àti pé díìsìkì àwọn ẹ̀rọ yẹn kò lè kó ìlú náà wá sínú mẹ́mórì ní kíá tó. Ìdáhùn tó ṣe kedere nìyẹn. Ì bá ti dára kí wọ́n sọ ọ́ ní oṣù méjì ṣáájú.

Ilé-iṣẹ́ kan náà ti pa REDengine, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tì. Unreal Engine 5 ló fi ń ṣe The Witcher 4. Lóṣù kẹfà ọdún 2025, ó fi àfihàn kan hàn ní Orlando: igbó, ọjà tó kún fọ́fọ́, ẹṣin tí iṣan ara rẹ̀ ń mì, lórí PlayStation 5 lásán, pẹ̀lú àwòrán 60. Wọ́n dárúkọ ẹ̀rọ. Wọ́n sì kìlọ̀ pé àfihàn ọgbọ́n ẹ̀rọ ni, pé kì í ṣe géèmù náà fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti 2020 kò kéré.

Fún àwọn oníṣẹ́ géèmù Èkó, ọ̀pọ̀ nínú ariwo yìí ń bọ́ sí òdìkejì odò. Maliyo Games, tó ṣe géèmù Iwájú fún Disney lọ́dún 2024, fóònù ni wọ́n ṣe é fún, Nanite kò sì sí lórí fóònù nígbà tí Unreal Engine 5 jáde. Ẹni tó ń ṣe géèmù fún fóònù olówó pọ́ọ́kú kò lè ṣe àfihàn lórí ẹ̀rọ kan kó wá tà á sórí òmíràn: fóònù tó wà lọ́wọ́ oníbàárà ni ẹ̀rọ, dátà rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra géèmù kó má sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde. Kó dúró de àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí irú ẹ̀rọ tó wà nílé rẹ̀. Bó bá sì ti rà á lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó rí i pé ọjà náà kò bá ìlérí mu, owó rẹ̀ ṣì ṣeé gbà padà, bí kò bá tíì ju ọjọ́ 14 lọ, tí kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì.